Ìrọ̀lẹ́ Kékeré Tí Kò Lọ

Nígbà tí mo ṣì kéré tí à ń gbé ní Ajué, èmi àti àbúrò mi, Bọ́lá, ní eré kan tí àwọn ọmọ àdúgbò tó kù kò mọ̀. Bí nǹkan kékeré kan bá ṣe wá lára, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ló ni ín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé wọn kì í ra ohun ìṣeré fún wa láyé ìgbà náà. Ara wa náà la fi ń ṣeré.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú, tó wá ń jẹni wìrìwìrì, èmi ni mo sọ ọ́ ní "ìjàlọ abẹ́ awọ". Bí èèyàn bá fẹ́ sín, tó lanu, tó dijú, tí sísín náà kò wá, "àlejò ẹnu ọ̀nà" nìyẹn. Ṣùgbọ́n ti Bọ́lá kan wà tó dùn ju tèmi lọ, mo sì jowú rẹ̀. Ó lóṣòó nídìí ẹ̀gẹ́ tí à ń bẹ, ó ṣàdédé dìde, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó di ògiri mú. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó ní "ìrọ̀lẹ́ kékeré" ló ṣú bo òun. Kì í pẹ́ rárá, kí o tó ṣẹ́jú ilẹ̀ á ti mọ́. Òfin wa ni pé àgbà kankan kò gbọdọ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá ti gbọ́, ó kú nìyẹn, ẹni tó ni ín ti pàdánù rẹ̀.

Púpurú ni Màmá ń ṣe tà. A ó bẹ ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi títí á fi rọ̀, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Màmá á fún omi rẹ̀ dànù, á mọ ọ́n róbótó bí orí ọmọ tuntun, á tò ó sórí àjà lókè iná. Èéfín yẹn wà nínú irun wa, ó wà nínú aṣọ ilé-ìwé wa, àní ó wà nínú Bíbélì Màmá. Bíbẹ ni iṣẹ́ èmi àti Bọ́lá. A máa ń bẹ díẹ̀, a máa ń ṣeré púpọ̀, ìgbátí sì máa ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àárín oko ni Màmá ń gbin ẹ̀gẹ́ tó dùn sí. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ló fi yí etí oko ká nítorí ọ̀yà, pé bó bá tọ́ ọ wò, á padà sẹ́yìn. Inú omi ni ẹ̀gẹ́ kíkorò yìí ti ń fi oró rẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé púpurú nìkan ló wà fún. Màmá kìlọ̀ títí pé a kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀gẹ́ ní tútù. "Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́," bó ṣe máa ń wí nìyẹn bó bá ká a mọ́ wa lẹ́nu. Èyí tó dùn la sì máa ń jẹ, kò ṣe wá ní nǹkan rí.

Ní Sátidé kan, ọ̀rọ̀ tèmi ti pé mẹ́fà, ti Bọ́lá jẹ́ mẹ́rin. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ara rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ó wo òkìtì ẹ̀gẹ́ kíkorò, ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe máa ń ṣe ọ̀yà lẹ́nu, kí òun lè sọ ọ́ lórúkọ. Èmi ẹ̀gbọ́n ni mo bẹ ẹ fún un. Ó jẹ ọ̀kan, ó fajú ro, ó ní orúkọ náà kò tíì wá, ló bá tún jẹ òmíràn. Ẹ̀rín ni mo ń rín.

Kò pẹ́ tó fi ní orí ń fọ́ òun. Ó bì. Màmá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ní ibà ni, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó bọ́ sẹ́yìn ilé lọ já ewé dóńgóyárò. Mo jókòó tì í. Bọ́lá kọjú sí mi, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó rí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ìrọ̀lẹ́ kékeré. Kò lọ."

Èmi nìkan ló mọ ohun tó sọ. Síbẹ̀ mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo ń ro ẹgba Màmá, mo ń ro òfin eré wa, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìrọ̀lẹ́ náà lọ fúnra rẹ̀. Mo padà sídìí ẹ̀gẹ́, mo bẹ agbọ̀n kan kún. Títí dòní, bí mo bá rántí agbọ̀n yẹn, ojú máa ń tì mí. Ìgbà tí mo tún yọjú wò ó, tí mo gbọ́ bó ṣe ń mí gúlegúle, ni mo sáré lọ bá Màmá.

"Màmá, kì í ṣe ibà. Ẹ̀gẹ́ etí oko ló jẹ. Èmi ni mo bẹ ẹ fún un. Ojú rẹ̀ ṣú, kò sì là."

Màmá kò nà mí. Ó ju ewé sílẹ̀, ó gbé Bọ́lá, aládùúgbò wa sì fi alùpùpù gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ọ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó padà dé. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún Màmá pé ká ní àgbo ibà ni wọ́n fún ọmọ náà, tí wọ́n jẹ́ kó sùn, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ. Lọ́jọ́ náà, Màmá pè wá jókòó, ó ní kí a kọ́ òun ní gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Ìjàlọ abẹ́ awọ pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tó bá ń ṣe yín, ẹ pè é ní ohun tó bá wù yín, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ gbọ́."

Lóde òní, ayé ti yàtọ̀. Bí nǹkan bá ń ṣe àwọn ọmọ mi, inú fóònù ni wọ́n ti ń wá orúkọ rẹ̀. Bọ́lá ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ní Odígbó, kò sì jẹ́ fẹnu kan ẹ̀gẹ́, ìbáà jẹ́ gàrí. Màmá ṣì wà ní Ajué, òun àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó kọ̀ láti wá bá mi gbé ní Ọ̀rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá bi í, "Ara le, a dúpẹ́" ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é lórí fóònù ní gbogbo àárọ̀, tí mo ń bi í pé, "Màmá, ìrọ̀lẹ́ kékeré ńkọ́?" Á rẹ́rìn-ín, á ní ilẹ̀ mọ́ kedere. Láyé àná, èmi ni mo fi ìrọ̀lẹ́ kékeré pamọ́ fún Màmá.

Láàárọ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìrọ̀lẹ́ náà wá, ó sì ti lọ. Mo bi í pé ìgbà wo ló lọ. Ó ní, àwọn ọmọ mi ńkọ́, ṣé wọ́n ti jẹun?

Mo ti wọ bàtà, ọ̀nà Ajué yá.