Orúkọ Bàbá Àgbà Ìyá Onílé Mi

Ìyá onílé mi ní àdúgbò Skyview Ranch, ọmọ Sípéènì, kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù tó wà ní basement wọn láì nù ún. "Bàbá àgbà mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é," ni wọ́n máa ń sọ, "kí ogun tó ti ilé iṣẹ́ kékeré rẹ̀ pa."

A gbé e lọ síbi àfihàn alùpùpù àtijọ́ kan ní àdúgbò Beltline. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sórí káàdì iwájú rẹ̀: Alùpùpù Ítálì! Ìyá ní kí ọ̀gá ibẹ̀ tún un kọ. Ó rẹ́rìn-ín:

"Mà, ta ló mọ ilé iṣẹ́ yẹn?"

Inú bí mi gan-an. Ìyá yọ lipstick, wọ́n pa Ítálì rẹ́, wọ́n kọ orúkọ bàbá àgbà wọn gàdàgbà. Ọ̀gá náà nawọ́ láti yọ káàdì náà.

Mo dúró síwájú rẹ̀. "Fọwọ́ kàn án, kóo rí nǹkan!"