N Kò Ní Pa Àmì Ọwọ́ Rẹ Rẹ́

Bàbá Irini, o kú ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú kòtò olórin tó wà níwájú ìtàgé tíátà wa ní Aleksándíríà. Orí àga gíga rẹ lo wà, ọ̀pá ìdarí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Olórin méjìléláàádọ́ta ló jókòó yí ọ ká. Kò sí ìkankan nínú wọn tó dìde.

N kò bá wọn jà. Ìwọ lo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Odindi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí orin tó wọlé, wàá sọ ọwọ́ kalẹ̀, wàá tẹrí ba, wàá sì dákẹ́ títí gbogbo wọn á fi mí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹ má wo ọwọ́ mi," lo máa ń wí, "ẹ gbọ́ èémí ara yín." Lọ́jọ́ yẹn ọwọ́ rẹ lọ sílẹ̀, orí rẹ tẹ̀, àwọn náà sì dákẹ́. Shukri afunfèrè wá bá mi nílé.

"Àǹtí Insaf, mo ti gbé fèrè sẹ́nu. Mò ń sọ lọ́kàn mi pé bàbá yìí mà le o, ṣé ó fẹ́ kí a dákú ni? Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ tó dára jù lọ tí a tíì ṣe nìyẹn."

Ó bú sẹ́kún. Ó ní ó tó ìṣẹ́jú méjì kí ọ̀pá tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ìṣẹ́jú méjì yẹn, tiwa ni, mo gbà. Ta ló ni ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún tó tẹ̀lé e?

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kòtò náà já sí títì tààrà, ṣùgbọ́n ṣéènì àti àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí àga méjì ti sọnù. Àwọn tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ aláìsàn ń gbá a níta, àwọn olórin rẹ ń gbá a nínú. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò máníjà, máníjà wà ní ìpàdé. Nígbẹ̀yìn, mẹ́rin nínú àwọn akọrin olóhùn ìsàlẹ̀ gbé ọ sókè sórí ìtàgé, wọ́n sì gbé ọ la ààfin onípákó tí wọ́n kàn fún eré tí a ń múra rẹ̀ kọjá. Bí ọba tó kú, Shukri ní. Ọba wo ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́?

Lẹ́tà mẹ́ta lo kọ nípa ilẹ̀kùn yẹn. Èmi ni mo bá ọ tẹ̀ wọ́n, lẹ́yìn tí o ti kà wọ́n sókè fún mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Nínú ẹ̀kẹta o ní, "Tí iná bá ṣẹ́, ṣé kí a máa fi orin pa á ni?" A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Sabri Halawani, máníjà wa, kò dáhùn ìkankan. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ló ti dá ọ dúró: "Maẹ́sítírò, ẹ̀yin olórin mà fẹ́ràn àròyé. Ẹ fọkàn sí orin yín, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wa."

O fi sílẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn ikú rẹ, wọ́n wá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri tíátà: "Ó kú bó ṣe fẹ́, lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀." Ta ni o sọ fún? Èmi tí mo sùn tì ọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò gbọ́ ọ rí. Ohun tí o fẹ́ ni kí a gbé ọmọ-ọmọ wa, ọmọ Irini, lọ jẹ ẹja létí òkun ní Abu Qir lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun tí o fẹ́ ni kọ́kọ́rọ́.

Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé orin ní tíátà náà. Àṣà wa ni pé tí olùdarí kan bá lọ, a ó pa gbogbo àmì pẹ́ńsù rẹ̀ rẹ́ kí tuntun tó dé. Ọjọ́ kẹsàn-án tí o kú, akọ̀wé máníjà gbé páálí ìwé náà wá bá mi nílé, pẹ̀lú ìrésà tuntun mẹ́fà.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Wọ́n ní kó mọ́ kó tó di Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Olùdarí ń bọ̀ láti Kaírò."

"Ṣé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn?"

"Ilẹ̀kùn wo, Àǹtí?"

Mo jókòó ti iṣẹ́ náà, nítorí iṣẹ́ mi ni. Mo pa ojú ìwé kan rẹ́. Ní ìkejì mo kan àmì kékeré rẹ tó ń sọ pé kí wọ́n mí níbẹ̀, àyà mi sì gbé sókè fúnra rẹ̀. N kò pe èémí yẹn. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń fọ abọ́, mò ń mí níbi tí o ní kí wọ́n mí. Tí aago mọ́kànlá bá lù, ilé á pa lọ́lọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, èmi náà á dúró, mò ń retí ọwọ́ rẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Halawani, ìwé orin méjìléláàádọ́ta náà wà lábẹ́ ibùsùn mi, n kò sì ní pa àmì kankan rẹ́ mọ́. Ẹ kò lè ṣeré yín láìsí wọn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mọ́kànlá, èmi àti páálí mi á dúró níta ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá fúnra yín, ẹ já ṣéènì, kí ẹ sì sọ lójú gbogbo ènìyàn ẹni tó ka lẹ́tà mẹ́ta náà tó sì pa wọ́n tì. N kò ní gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé.

Bàbá Irini, Shukri ní òun àti àwọn olórin yòókù á wà nínú, ní òdì kejì ilẹ̀kùn náà. A kò ní gbá ilẹ̀kùn mọ́. A ó dákẹ́ bí o ṣe kọ́ wa, títí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ á fi dé.