Àmì tí Kò Hàn Lẹ́nu

Èmi fúnra mi ni mo lẹ bébà náà mọ́ ilẹ̀kùn kíláàsì Praimárì Kẹrin, nílé ìwé kan ní Ìgándò: "Gbogbo ọmọ ló ní àyè níbí." Àwọn tó wá dá àwa tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ ló fún wa. Wọ́n ní ìjọba ti sọ pé kí akanda ọmọ máa kàwé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má yà á sọ́tọ̀ mọ́. Bí ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa bá wà lọ́dọ̀ wa, kí á fi í síwájú, kí á máa kọjú sí i bí a bá ń sọ̀rọ̀, kó lè máa wo ẹnu wa. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni, èdè Yorùbá ni mo kà, ẹ̀rù sì máa ń bà mí lójoojúmọ́ pé ẹnì kan máa mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kò yé mi.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan, ti ọ̀tún ń gbọ́ díẹ̀. Mo fi í síwájú, mo ń kọjú sí i. Mo rò pé mo ti ṣe tèmi tán.

Ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń ṣe àpèkọ: èmi á pe gbólóhùn, àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Jímọ̀ kan, mo pe, "Ọkọ́ bàbá mi wà lẹ́yìn ilé," ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko. Nígbà tí mo gba ìwé wọn, mo rí i pé ọmọ yìí fi àmì sórí "bàbá", ó fi sórí "lẹ́yìn", ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan sórí "ọkọ́". Ọkọ́ bàbá ti di ọkọ tí ó ní ìyàwó nílé.

Bí mo bá ní mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe, irọ́ ni. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ náà fẹ́ràn mi. Mo gbé ìwé náà sókè, mo kà á: "Ọkọ bàbá mi wà lẹ́yìn ilé." Mo wá yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn, mo ní, "Bàbá ta ló lọ́kọ, jàre?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo, "Bàbá ẹ̀ ti di ìyàwó o!"

Ọmọ náà wo ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ọmọ tó gba eré ni.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ wá. Aránṣọ ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ó gbé ẹ̀pà inú ìgò dání.

"Àǹtí, ẹ ṣé o. Ó ní ẹ gbé ìwé òun sókè, ẹ kà á fún gbogbo kíláàsì, inú gbogbo wọn sì dùn. Alihamudulilai! Mo ti fẹ́ mú un kúrò, kó wá máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Àwọn ará ilé bàbá ẹ̀ ní kí n yéé fi ìwé dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ó ti ní àyè níbí, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Mo gba ẹ̀pà náà.

Nígbà tí mo délé, mo dúró síwájú dígí. Mo sọ "ọkọ́". Mo sọ "ọkọ". Ètè mi kò yàtọ̀. Àmì ohùn kì í hàn lẹ́nu, etí ló ń gbọ́ ọ. Lójú ọmọ náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò pé torí pé tirẹ̀ ló dára jù ni mo ṣe kà á síta. Àmì orí "bàbá", ṣe ló há a sórí látinú ìwé. Ojú tì mí nítorí ohun tí mo ṣe. Ojú tún tì mí nítorí pé, ká má purọ́, ara tù mí díẹ̀ pé kò yé e.

Mo ronú pé mo lè máa fi ọwọ́ júwe ohùn: ọwọ́ sílẹ̀ fún dò, ọwọ́ láyà fún re, ọwọ́ sókè fún mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Mi ò bẹ̀rẹ̀. Mi ò sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ, tí wọ́n ti ń pè é ní "Ọkọ Bàbá". Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, kò wá. Ní Jímọ̀, kò wá.

Ní Sátidé, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ọmọ náà jókòó nílẹ̀, ó ń tú òwú lára aṣọ. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá náà, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé gígùn.

"Àǹtí, ẹ sinmi. Mo ti mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín mà?"

"Òun náà ni. Ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó kọ ọ́ sí bébà fún un. Mo ní mò ń bọ̀ wá bá yín jà, ó ní kí n má wá. Ó ní tí ẹ bá mọ̀ pé òun ti mọ̀, ojú á tì yín."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń bo àṣírí mi.

"Ẹ̀pà mi ńkọ́?"

"Mi ò lè jẹ ẹ́ mà."

"Ẹ jẹ ẹ́ jàre, ẹ̀pà ò ṣẹ̀ yín. Òun ni kí ẹ lọ bá sọ̀rọ̀. Tó bá ní òun ń padà lọ, ó ń lọ nìyẹn. Tó bá ní òun ò lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ rèé."

Mo jókòó síwájú ọmọ náà nílẹ̀. Mo ní, "Má bínú." Mo sọ "ọkọ", mo gbé ọwọ́ sáyà lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ "ọkọ́", mo gbé ọwọ́ sáyà, mo gbé e sókè. Ó wò mí pẹ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí ìyá rẹ̀ fi ń sàmì sí aṣọ, ó kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì fi àmì sórí èkejì. Ó fà á gùn.

Ó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Títí tí mo fi kúrò nílé ìwé náà, iwájú ló ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ń wò. Kò wo ẹnu mi mọ́.