Ọkọ̀ Ogun Tí Kò Rì

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo dé ilé ìyá àgbà ní Ìfọ́n, lápá ibi tí ilẹ̀ ti bá ti Ìlobù pààlà. Mo fẹ́ mú un lọ sí Òṣogbo kí ìjà ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì má baà ká a mọ́ ibẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní òun ò ní fi sàréè bàbá òun sílẹ̀.

Fìlà nìkan ló wà nínú sàréè náà. Àwọn òyìnbó ti sọ fún ẹbí nígbà ogun Hítílà pé ọkọ̀ ogun tí bàbá rẹ̀ bá lọ ti rì sókun. Wọn ò rí òkú sin.

Mo ti wá ìtàn ọkọ̀ náà lórí fóònù. Wọ́n kàn án kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrù lójú òkun títí ogun fi parí, lẹ́yìn náà ni wọ́n gé e tà bí irin àlòkù. Mi ò rí ẹ̀rí kankan nípa bàbá fúnra rẹ̀.

"Màmá, ọkọ̀ yẹn ò rì. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."



"Kò rì?"

"Kò rì, mà."

"Alákọ̀wé! O ní omi ò gbé bàbá mi, o tún ní kí n tilẹ̀kùn. Tó bá dé ńkọ́?"

Mo ṣírò ọjọ́ orí bàbá lọ́kàn, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò dìde. Mo wọ bọ́ọ̀sì kí n lè lọ pe ìyá mi wá láti Òṣogbo bá mi bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó fi máa di òwúrọ̀, ìjà ti dí ọ̀nà, fóònù ìyá àgbà ò sì lọ mọ́. Oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Èyí tí mo fojú ara mi rí nígbà tí bọ́ọ̀sì ń gbé mi lọ ni pé ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí títì, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.