Ajá Tí Mo Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ọ Nínú Sinimá

Ìyàwó mi tàn mí jẹ lórí ajá kan, mi ò sì mọ̀ títí òun fúnra rẹ̀ fi kú. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí a sin ín. Mo ti gbìyànjú láti kọ nípa àwọn nǹkan mìíràn tó ṣe fún mi, wọ́n pọ̀, wọ́n sì dára, ṣùgbọ́n orí ajá yìí ni ọwọ́ mi ń padà sí.

Ìlú Ọ̀sí ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà, ní ọdún tí àwọn sójà kọ́kọ́ gbé ìjọba fún alágbádá. Ọkọ̀ sinimá ìjọba a máa wá láti Ìlọrin. Wọn a ta aṣọ funfun sára ògiri ilé ẹ̀kọ́, wọn a kọ́kọ́ kọ́ wa bí a ṣe ń se omi ká tó mu ún, kí wọ́n tó wá fi sinimá gidi sí i. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìdílé òyìnbó kan tó ní ajá, àti ọkùnrin tó ń kọ́ ajá náà. Kò lù ú rí. Á na ọwọ́ sílẹ̀, ajá á jókòó. Á ju igi, ajá á gbé e wá. Nígbà tí ọmọ inú ilé náà ṣàìsàn, ajá gun bẹ́ẹ̀dì tọ̀ ọ́ lọ.

Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Ajá ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Níbo wá ni ìyàwó ilé máa sùn?"

"Kó lọ sùn síbi tí ajá ń sùn tẹ́lẹ̀," ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹsàn-án ìgbéyàwó wa nìyẹn, a kò tíì bímọ.

Mo gba ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ará ìjọ wa ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, n óò ya ẹja gbígbẹ sí wẹ́wẹ́, n óò bẹ̀rẹ̀. Jókòó. Dúró. Gbé e wá. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ń gbé bàtà mi wá láti yàrá, àwọn ará àdúgbò sì ń wá wòran. Bó bá ṣe é dáadáa, n óò fọwọ́ pa á lórí, n óò ní, "O káre, ọmọ mi." Ìyàwó mi a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Kò bá mi wí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá mi wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó wo èmi àti ajá títí, ó ní, "Ẹ ṣáà ti rí èyí tí ẹ ń tọ́ ná." Mo rò pé àwàdà ni. Ìyàwó mi gbé atẹ ẹ̀gúsí rẹ̀ wọlé.

Ọdẹ kan wà ládùúgbò wa, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, alàgbà ni nínú ìjọ.

"Tíṣà, ajá tó ń gbé bàtà kì í ṣe ajá," ó ní. "Fi yá mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kó lọ mọ igbó."

Mo kọ̀. Ìyàwó mi ló ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹran ilé kọ́ ni ajá." Mo bá gbà, ọdẹ sì mú un lọ sí abà rẹ̀, pé ibẹ̀ ni yóò wà títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí.

Lọ́dọ̀ wa, bí ọdẹ bá yá ajá lọ́wọ́ èèyàn, itan kan nínú ẹran tí ajá náà bá lé mú, ti ẹni tó ni ajá ni. Kò sí ọdẹ tó jẹ́ fi èyí ṣeré. Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé itan ọ̀yà wá ní gbogbo Sátidé láti abà rẹ̀ lọ́nà Ọ̀bọ-Ilé, mi ò wá ẹ̀rí mìíràn. "Ajá ẹ ti ń gbóná," ọdẹ a wí. Inú mi a dùn bíi ti baba tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní. Ìyàwó mi a fi itan náà se ọbẹ̀, a bu èyí tó tóbi jù fún mi.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọdẹ dé lọ́wọ́ òfo. Ó ní paramọ́lẹ̀ ti ṣán ajá náà. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Nígbà tí a wá ra tẹlifíṣọ̀n, bí sinimá tó ní ajá nínú bá dé, òun ló máa ń dìde lọ pa á nítorí mi.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, ọdẹ náà wá bá mi kẹ́dùn. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ.

"Tíṣà, ajá ẹ yẹn kò dé igbó rárá."

"Ajá wo, Bàbá?"

"Ọjọ́ tí mo mú un kúrò níbí ni mo fà á lé oníṣòwò kan lọ́wọ́ ní Eruku. Ìyàwó ẹ ló bẹ̀ mí. Ó kúnlẹ̀ ni. Ó ní bí òun bá tún gbọ́ tí o pe ajá yẹn ní 'ọmọ mi', òun á padà sílé bàbá òun ní Ìlọfà."

"Itan ẹran ńkọ́?"

"Ajá tèmi ló pa wọ́n. Ìyàwó ẹ ló ní kí n máa gbé e wá, kí o má baà fura."

Ó ní kí n má bínú. Mo ní mi ò bínú sí i, òótọ́ sì ni. Ẹni tí mo ń bínú sí máa ń jókòó ní ìgbésẹ̀ márùn-ún sí mi lójoojúmọ́, ì bá sì ti sọ pé, "Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́." Ǹ bá jáwọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ fún ará ìta, ó sọ ohun tó ń dùn ún fún un. A tún jọ gbé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, láìsí ọmọ, a jọ ń gbàdúrà láàárọ̀, kò sì sọ ọ́.

Àwọn tí mo sọ ọ́ fún ní nítorí pé ó fẹ́ràn mi ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá yà síbi ibojì rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, ohun tí mo máa ń bi í ni ìdí tó fi rò pé bí òun bá sọ ọ́ fún mi, mi ò ní gbọ́.