Mo Lọ Bomi Sídìí Ìwọ́ Mi ní Niamey

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti jókòó sínú mọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi ló rán mi níṣẹ́. Àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀, oorun ò sì kùn wọ́n mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni igi dóńgóyárò tí wọ́n gbìn sórí ìwọ́ mi ní Niamey, níbi tí wọ́n bí mi sí. Wọ́n ní kí n bu omi sí i nídìí, kí n ṣàdúà, kí ọkàn àwọn lè balẹ̀.

A gba Parakou lọ sí Malanville, a sọdá afárá bọ́ sí Gaya. Ọ̀nà Dosso dára níbi tó bá ti dára. Fọ́tò àwọn olóṣèlú oríṣiríṣi ẹgbẹ́ kún ara ògiri, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Odò Ọya kan náà tí a mọ̀ ní Jẹ́bà ló ń ṣàn ní Niamey, àmọ́ Isa ni àwọn Zarma ń pè é. Ràkúnmí ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ni ín.

Ilé amọ̀ tí bàbá mi háyà ládùúgbò Gamkalley, nígbà tí wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà Wadata, kò wó. Wọ́n ti tún un ṣe, ògiri rẹ̀ ń dán. Ará Ítálì kan ló ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Igi mi wà láàárín àgbàlá, wọ́n sì kan káńtà wáìnì yí i ká. Èmi Alhaji, ìwọ́ mi wà nílé ọtí.

Ẹni tí kò bá ra nǹkan kò gbọdọ̀ jókòó, mo bá ní kí wọ́n gbé sùpàgẹ́tì wá. Nílé, bí ìyàwó ẹni bá gbé irú rẹ̀ kalẹ̀, a ó ní kó dá a padà síná. Níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Owó rẹ̀ á ra àkùkọ méjì ní Wadata.

Mo da omi inú ìgò mi sídìí igi. Seyni, ará Zarma tó ń gbé oúnjẹ, sáré gbé ìgò mìíràn wá. Mo da ìyẹn náà.

"Alhaji, ruwan bai yi kyau ba ne?" Ṣé omi àwọn ò dáa ni, ló ń fi Hausa bi mí.

Mo ṣàlàyé ìwọ́ mi, mo ṣàlàyé ìyá mi. Ó wo igi, ó wo mí, ó wo káńtà.

"Níbí gan-an?"

"Níbí gan-an."

Ó gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́. Mo ń ṣàdúà, ó ń ṣe àmín. Àwọn tó jókòó yí wa ká gbé ife wọn dúró, kò sẹ́ni tó mu títí a fi fọwọ́ pa ojú. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ pé yóò bọ́.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ò tilẹ̀ kí mi káàbọ̀.

"Igi mi ńkọ́?"

"Ó wà, Ìyá. Àwọn èèyàn ń jókòó sábẹ́ ẹ̀. Gbogbo wọn ló dákẹ́ nígbà tí mo ń ṣàdúà."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

Mi ò lè purọ́ fún wọn. "Wọ́n ń mu nǹkan pupa kan, Ìyá."

Ojú wọn là. "Bísáàbù nìyẹn, omi ìsápá. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni, Ìyá."

Wọ́n yíjú sí ògiri, wọ́n sì sùn títí tí a fi gbọ́ ìpè ìrun.