Ẹran Díndín Orí Tábìlì Tísà

Tísà Ọlálérè kì í jẹ ẹran díndín. Bí wọ́n bá ń dín in ní ilé kẹta, kíá ni yóò ti fèrèsé ilé rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ pa, yóò sì fi àkísà dí ihò kọ́kọ́rọ́. Àwọn aládùúgbò ní èèwọ̀ ìdílé ni. Irọ́ ni! Òórùn yẹn ní ẹsẹ̀. Bó bá ti wọlé, àga tó wà ní kọ̀rọ̀ á dún, bí ẹni pé ọmọ kékeré kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí rẹ̀.

Ó mọ ọmọ náà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Tísà kọ “entice” sójú pátákó kíláàsì.

“Kí a fi ohun tí ọkàn ènìyàn ń fẹ́ fà á lọ síbi tí kò yẹ kó dé,” ló fi túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ó fẹ́ kó yé wọn délẹ̀délẹ̀. Ó yọ ẹran díndín kan tó tóbi tó orí ológbò, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé. Dùnmínínú, ọmọbìnrin opó kan tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti ìlú Ìyìn, tí kò tíì jẹun láti àná, ló mú un.

Tísà já wọlé. “Ìtumọ̀ rẹ̀ rèé!”

Ó gbé ọmọ náà dúró sórí àga, ó ní kí gbogbo kíláàsì pè é ní olè. Wọ́n pè é. Dùnmínínú kò padà sílé ìwé mọ́.

Ìgbà tí Tísà fẹ̀yìntì ló tó rò ó wò pé ẹni méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó dẹ ìdẹ, àti ẹni tó kó sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló pè ní olè. Ó wá ń bẹ̀rù pé bí òun bá kú láìtọrọ àforíjì, àga yẹn yóò tẹ̀lé òun dé ibojì. Nígbà tó gbọ́ pé Dùnmínínú ń dín ẹran tà ní àdúgbò Fájuyì, ó dé fìlà, ó lọ.

“Ẹ káàsán, Tísà,” ni obìnrin náà wí, kí Tísà tó la ẹnu.

“O dá mi mọ̀?”

“Ta ní í gbàgbé yín? Ẹ jókòó, sà.”

Ó gbé àwo ẹran kan síwájú rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn kọ́tìnì jáde.

Òógùn bo Tísà. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Ó dá a lójú pé ojú kan ń wo òun láti ibì kan.

“Bàbá,” ni awakọ̀ kan tó ń jẹun nítòsí wí, “bí ẹ ò bá ní í jẹ ẹ́, ẹ sọ fún eṣinṣin. Wọ́n ti ń kọ́lé síbẹ̀!”

Dùnmínínú padà dé, ó gbé omi tútù dání.

“Ẹ ò jẹ ẹ́, sà?”

“Ibo lo ti ń ṣọ́ mi?”

“Ṣọ́ yín kẹ̀? Omi ni mo lọ rà fún yín. Tèmi ti tán.”

Ojú Tísà kún fún omijé. “Èmi ni mo dẹ ìdẹ, ìwọ ni mo pè ní olè. Foríjì mí, ọmọ mi.”

“Mo ti foríjì yín tipẹ́. Ẹ jẹun, sà.”

Tísà fa ẹran náà ya sí méjì, ó na ìdajì sí i. Dùnmínínú fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn, ó dúró ṣánṣán bí ọmọ orí àga.

“Ojoojúmọ́ ni mò ń dín in, sà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò wọ ẹnu mi rí. Bí mo bá ti ní kí n mú un, mo máa ń gbọ́ wọn.”

“Àwọn wo?”

“Kíláàsì yín, sà.”

Tísà dẹtí sílẹ̀. Láàárín ariwo ọkọ̀ Fájuyì, òun náà gbọ́ wọn.